Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Tíṣà ni mí ní Ìbàdàn. Gbogbo ìgbà tí oṣù kẹta ọdún bá ti ń wọlé, tí ọjọ́ ìbí Màmá Ṣólàńkẹ́ ń súnmọ́, ni àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń da ìbéèrè bò mí, àwọn òbí wọn náà kì í gbẹ́yìn. Mo wá kó èyí tí wọ́n máa ń bi mí jù jọ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á fúnra rẹ̀.

Ta ni Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́?

Agbẹjọ́rò ni wọ́n. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá wọn, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wọn sí, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1932, Ìbàdàn sì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ jù. Ní ọdún 1981, àwọn ni obìnrin àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà fún ní oyè Agbẹjọ́rò Àgbà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí SAN. Láti 1994 sí 1996, àwọn tún ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ Zonta International, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ káàkiri àgbáyé. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, tíṣà ni wọ́n. Inú mi máa ń dùn láti sọ ìyẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ ẹni tó ṣe Alábùkún ni wọ́n?

Òótọ́ ni, ìbéèrè yìí ni mo sì fẹ́ràn jù.

Ìyá mi àgbà ní ìsọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti ń ta ṣúgà, ìṣáná, kẹrosíìnì àti ọṣẹ. Inú agolo mílíìkì òfìfo kan ni wọ́n máa ń kó Alábùkún sí, lórí pákó tó ga díẹ̀ kí ọwọ́ àwa ọmọdé má bàa tó o. Birikilà tí oòrùn ti pa á láti àárọ̀ á wọlé, á ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní Alábùkún kan." Á ya etí ìdì náà, á gbé orí sẹ́yìn, á da ẹ̀bu funfun yẹn sí orí ahọ́n, á fajú ro, á sì fi omi tútù lé e. Ásípírìn àti kafíìnì ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀yẹn nígbà náà? Ohun tí a mọ̀ ni pé oògùn orí fífọ́ ni.

Ọkùnrin tó ṣe ẹ̀bu yẹn ni Jacob Ṣógbóyèga Odulate. Ìkòròdú ni wọ́n bí i sí ní 1884. Ó kúrò nílé nígbà tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ó gba Abẹ́òkúta lọ, ibẹ̀ ló sì dá iṣẹ́ Alábùkún sílẹ̀ sí ní 1918. Orúkọ tó sọ ara rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni "Blessed Jacob", ìyẹn Jacob Alábùkún, òun ló sọ oògùn náà lórúkọ ara rẹ̀. Oògùn nìkan kọ́ ló ń ṣe o. Ó tún máa ń tẹ àlìmánàkà Alábùkún jáde, kàlẹ́ńdà tó ń wọ ilé olówó àti tálákà.

Ìdí tí mo fi dúró pẹ́ níbí ni pé ilé tí wọ́n ti ń di ẹ̀bu sínú bébà ni ọmọbìnrin yìí ti jáde. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń sọ pé ìwé obìnrin kò ju ìdáná lọ, ọmọbìnrin Odulate ti kọjá lọ sí Èkó, ó sì ti ti Èkó kọjá lọ sí òkè òkun. Nígbà tí àwọn ọmọ mi bá ń sọ pé, "Ọmọ olówó ni wọ́n, tíṣà," mo máa ń ní kí wọ́n ka iye olówó tó wà nígbà náà, kí wọ́n wá ka iye àwọn tó rán ọmọbìnrin wọn lọ sí yunifásítì.

Ilé ìwé wo ni wọ́n lọ?

Methodist Girls' High School ní Èkó, ilé ìwé obìnrin tó ti wà láti 1879. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí King's College ní Newcastle, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́ Yunifásítì Durham ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí wà nígbà náà. Ó tó 1963 kó tó dá dúró gẹ́gẹ́ bíi Yunifásítì Newcastle. Wọ́n gboyè jáde ní 1954, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Kí ni wọ́n kà níbẹ̀? Ṣé òfin ni?

Rárá. Látìn àti Ìṣirò ni.

Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí, torí nínú ọkàn tiwọn, ẹni tó mọ Ìṣirò kì í sún mọ́ òfin. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹ wo ohun tí agbẹjọ́rò ń ṣe níwájú adájọ́: ó máa sọ ohun tó dájú, á gbé èkejì lé e, á fi hàn pé bí àwọn méjèèjì yìí bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀kẹta kò lè ṣàì jẹ́ òótọ́. Iṣẹ́ Ìṣirò nìyẹn. Látìn ní tirẹ̀, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní kóòtù ti wá. Ẹni tó fi ọdún mélòó kan jókòó ti méjèèjì kò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Nígbà tí wọ́n padà wá sílé, St. Anne's School àti Yejide Girls' Grammar School, méjèèjì ní Ìbàdàn, wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó lọ ka òfin ní London, Gray's Inn, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń sọ èèyàn di agbẹjọ́rò níbẹ̀, sì gbà wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ní 1963. Wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn, wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n sì ti fi iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ dunjú sílẹ̀ láti lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ London? Kò sí ilé ẹ̀kọ́ òfin nílé ni?

Kò sí. Títí di ìgbà òmìnira, ẹni tó bá fẹ́ ṣe agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn Inns of Court ní London, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ bíi Gray's Inn. Ọdún 1962 ni wọ́n dá Nigerian Law School sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn ẹgbẹ́ Màmá wà lára àwọn tó gbẹ́yìn ọ̀nà àtijọ́ yẹn.

Ṣé àwọn ni obìnrin agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà?

Rárá o. Àṣìṣe yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, mo sì máa ń tètè tún un ṣe, torí kò yẹ kí a fi ìyìn ẹnì kan bo orúkọ ẹlòmíì mọ́lẹ̀.

Stella Thomas ló ṣáájú. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1906. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, Peter John Claudius Thomas, tó ti Sàró wá. Ó lọ sí ilé ìwé Annie Walsh ní Freetown, ó wọ Middle Temple, ọ̀kan nínú àwọn Inns of Court yẹn, ní London ní 1929, wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní 1933. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó dé ibẹ̀. Ẹ rántí pé àwọn obìnrin òyìnbó fúnra wọn kò tíì pẹ́ níbẹ̀: 1919 ni wọ́n ṣe òfin tó ṣílẹ̀kùn fún wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1922 sì ni Ivy Williams, ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, wọlé. Ọdún mọ́kànlá péré ló wà láàárín òun àti ọmọ Èkó yìí.

Stella Thomas kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù èèyàn ńlá. Ní 1934, níbi àpérò kan ní London, ó dìde níwájú àwọn àgbà òyìnbó tó mọ̀ nípa ìjọba àmúnisìn, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ètò tí Lugard gbé kalẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń gba ọwọ́ ọba àti ìjòyè ṣàkóso wa. Nígbà tó padà sílé, ó ṣí ilé iṣẹ́, ó gba ẹjọ́ ìdílé, ó gba ẹjọ́ ọ̀daràn. Ní 1943 ó di màjísíréètì, obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Agbègbè tó ń dájọ́ fún nà láti Mushin àti Agége lọ dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìkòròdú kan náà tí Odulate ti wá. Nígbà tí obìnrin kan ń jókòó dájọ́ fún àwọn ará Ìkòròdú, ọmọ Odulate tí a ń wí yìí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ.

Ẹlòmíràn tí kò yẹ ká gbàgbé ni Modupe Omo-Eboh, tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Nàìjíríà ní 1969. Ọ̀nà oko ni ẹ fi wé e: ẹni tó bá ṣíwájú láàárọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ gbọn ìrì. Stella Thomas ló gbọn ìrì àkọ́kọ́, Omo-Eboh gba apá ti ìjókòó adájọ́, Màmá Ṣólàńkẹ́ wá gba apá ibi tí a ti ń dúró rojọ́.

Kí ni SAN gan-an? Ṣé oyè lásán ni?

Kì í ṣe oyè lásán. Òfin tó de iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà, ti ọdún 1975, ló dá a sílẹ̀ láti fi rọ́pò oyè "Queen's Counsel" tó wà nígbà òyìnbó. Kò sí agbẹjọ́rò tó lè gbà á tí kò bá tíì lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà jẹ́ alága fún ló sì ń yàn wọ́n. Àwọn méjì àkọ́kọ́, Rotimi Williams àti Nabo Graham-Douglas, gbà á ní oṣù kẹrin ọdún 1975.

Ẹ̀tọ́ tó wà nínú rẹ̀ hàn sójú. Ìlà iwájú ní kóòtù, àwọn nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé síwájú adájọ́, wọ́n lè pè é kí ó tó kan àwọn tó ti wà lórí ìwé ṣáájú wọn. Ó ní ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ náà. SAN kì í yọjú sí kóòtù màjísíréètì láti rojọ́. Bó bá sì jẹ́ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ní ilé ẹjọ́ gíga, kì í dá nìkan dúró, agbẹjọ́rò kékeré tàbí SAN mìíràn gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìlànà yẹn dára lójú mi, torí bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ṣe ń rí ibi dúró kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà.

Aṣọ ńkọ́? Mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí kóòtù nígbà kan nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé. Ẹ̀yìn la jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Àwọn agbẹjọ́rò kún iwájú wa, aṣọ dúdú wọn ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ léjìká nítorí oòrùn àti fífọ̀, wíìgì àwọn kan ti di àwọ̀ tíì. Obìnrin kan wá wọlé. Aṣọ tiẹ̀ ń dán, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe ń rìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fi ìgúnpá gún mi, wọ́n ní, "Ṣẹ́dà nìyẹn." Wọ́n mọ aṣọ, wọn ò mọ SAN. Gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀nà yẹra fún un, ó sì lọ jókòó síwájú pátápátá. Ṣẹ́dà ni lóòótọ́. Òun ni ìyàtọ̀ láàárín aṣọ SAN àti ti àwọn yòókù. Ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún obìnrin yẹn láti wọ̀ ọ́ ni Màmá tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí.

Lẹ́yìn 1981, ṣé àwọn obìnrin wá ń rọ́ wọlé?

Wọn ò rọ́ wọlé. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni Màmá fi dá nìkan jẹ́ obìnrin láàárín gbogbo SAN Nàìjíríà. 1989 ni Phebe Chiadi Ajayi-Obe tó di ẹnì kejì.

Mi ò gbà pé àìsí obìnrin tó mọ òfin ló fà á. Obìnrin ti ń gbẹjọ́ rò ní ilẹ̀ yìí láti ìgbà Stella Thomas. Ẹ fi ojú inú wo ọdún mẹ́jọ yẹn: bí àṣìṣe bá ti ẹnu rẹ jáde ní kóòtù, kì í ṣe orúkọ rẹ nìkan ló máa bàjẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, obìnrin tí wọ́n fún ní ṣẹ́dà." Ọkùnrin tó bá ṣàṣìṣe, òun nìkan ló ṣe é. Ẹrù yẹn kì í hàn nínú àwòrán tí a máa ń gbé sórí fóònù ní ọjọ́ àwọn obìnrin, àmọ́ òun ni mo kọ́kọ́ máa ń rò nígbà tí mo bá gbọ́ "obìnrin àkọ́kọ́".

Ní 2012, Aloma Mukhtar di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Ìyẹn ni pé alága ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn SAN wá di obìnrin.

Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́?

Lára ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ Rotimi Williams ní Ìbàdàn, ọkùnrin kan náà tó wà nínú àwọn SAN méjì àkọ́kọ́.

Ṣé wọ́n ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1972 wọ́n di kọmíṣọ́nnà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà níbẹ̀. Wọ́n tún jẹ́ alága fún àjọ tó ń darí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn, WNBS àti WNTV. Àwọn àgbà yín á rántí WNTV, tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, tó ń fi gbogbo ẹnu pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà.

Ọkọ wọn ńkọ́?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóríọlá Ṣólàńkẹ́, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. 1956 ni wọ́n ṣègbéyàwó.

Kí ni Zonta, kí sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Zonta bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà ní 1919. Àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ló kó ara wọn jọ: agbẹjọ́rò, dókítà, oníṣòwò, olùkọ́. Wọ́n yá orúkọ náà lọ́wọ́ èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni olóòótọ́, ẹni tó ṣe é fọkàn tán. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kọjá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ogun sọ di òrukàn ní Smyrna, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní 1923. Amelia Earhart, obìnrin awakọ̀ òfuurufú tó sọnù lórí òkun ní 1937, ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni. Láti 1938 ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ń san owó ìwé fún àwọn obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìjìnlẹ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú.

Ìlànà wọn kò ṣàjèjì sí wa rárá. Obìnrin Yorùbá tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ọjà mọ̀ ọ́n: ẹ dá owó jọ, ẹ yan olórí tó láàlà ìgbà, ẹ wo ibi tí àìní wà, ẹ kọjú sí i. Abẹ́òkúta tí wọ́n ti bí Màmá ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ nítorí owó orí, títí Aláké fi gbésẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé Zonta ń ṣe tirẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ń gba ọ̀dọ̀ àwọn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé kọjá.

Ààrẹ ẹgbẹ́ náà ń lo ọdún méjì. Fún 75 ọdún àkọ́kọ́, kò sí ọmọ Áfíríkà kankan tó jẹ ẹ́. Nígbà tó di 1994, agbẹjọ́rò kan láti Ìbàdàn ló jókòó sórí àga yẹn.

Kí ló so iṣẹ́ òfin pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àánú?

Ẹ gbọ́ orúkọ tí a fún iṣẹ́ náà: agbẹjọ́rò. Ẹni tó gba ẹjọ́ ẹlòmíràn, tó wá ń rò ó bíi pé tirẹ̀ ni. Ìyà kò jẹ ẹ́, ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé kì í ṣe tirẹ̀, síbẹ̀ òun ló dìde. Obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó lówó láti san, tó tún wá ń ṣe é fún àwọn tí kò ní, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí àwọn ọmọ mi kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé Màmá "jẹ́ agbẹjọ́rò, wọ́n sì tún jẹ́ aláàánú", bí ẹni pé nǹkan méjì ni.

Mo ní ẹjọ́, mi ò lówó agbẹjọ́rò. Ibo ni mo lè lọ?

Ẹ má jókòó sílé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, ń ran àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ́wọ́ láìgba owó: ọ̀rọ̀ ọkọ tó ń na ìyàwó, ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ọmọ, ọ̀rọ̀ opó tí ẹbí ọkọ fẹ́ lé jáde. Ọmọ Yorùbá mìíràn, Àdùkẹ́ Alákijà, ti jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ yìí ní gbogbo àgbáyé rí. Àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Legal Aid Council, tó ti wà láti 1976, náà ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀. Ẹ mú gbogbo ìwé yín dání, títí kan rìsíìtì tó ti ya.

Ọmọbìnrin mi ní òun fẹ́ ṣe bíi Màmá Ṣólàńkẹ́. Kí ni kó ṣe?

Kó mú Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀ ní ọ̀kúnkúndùn, kó má sì sá fún Ìṣirò. Yóò nílò kírẹ́díìtì márùn-ún ó kéré tán, yóò ṣe JAMB, yóò sì lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì. Lẹ́yìn ìyẹn ni Law School, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Bwari, lágbègbè Àbújá, báyìí, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Èkó, Enugu, Kano àti àwọn ibòmíràn. Bó bá yege, wọ́n á pè é sí iṣẹ́, ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún mẹ́wàá ti SAN. Bó bá ti kọ́kọ́ ka nǹkan mìíràn, tó sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ sọ fún un nípa tíṣà Látìn kan ní Ìbàdàn tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí London.